Orí Kẹfà: Ọ̀nà Ni Ooru Ń Wá

Aago méjì ọ̀sán ni, nínú oṣù kejì ọdún, ní yàrá kan nílùú Ìbàdàn. Òrùn ti pa páànù òrùlé títí ó fi ń dún pápá-pápá. Wọ́n ti mú iná lọ láti òwúrọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń bú lẹ́yìn fèrèsé. Láptọ́ọ̀pù kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rì sínú tìmùtìmù bí ọmọ tuntun tí wọ́n fi aṣọ òtútù wé. Fídíò ìgbéyàwó ni wọ́n ní kó rẹ́ńdà, ìyẹn ni pé kó kó gbogbo àwòrán, orin àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tò pọ̀, kó sọ wọ́n di fáìlì kan ṣoṣo. Ìyá ìyàwó ti ní òun á rán ènìyàn wá gbà á ní aago márùn-ún. Níbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ geerege. Nígbà tó yá, fáànù inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó yee. Lẹ́yìn náà, iye tó ń gòkè lójú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, ojú rẹ̀ ṣú. Ó kú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe lẹ́yìn èyí kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan á ṣépè fún ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún wọn. Àwọn kan á sáré gbé e lọ sínú fíríìjì. Àwọn tówó wà lọ́wọ́ wọn á ní ó ti di dandan láti ra tuntun. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀rọ tó kú lójijì yẹn kò bàjẹ́. Ara rẹ̀ ló gbà là. Ooru kì í parẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù. Ọ̀nà àbájáde ló máa ń wá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ń gbà, tó sì mọ ibi tí ọ̀nà ti dí, ti mọ ibi tí yóò fi oògùn sí.

Iná ló wọlé, ooru ló jáde

Bí a bá gbé ìkòkò kaná, ọbẹ̀ ni a ń retí. Ooru wulẹ̀ jẹ́ ohun èlò tí a fi sè é ni. Nínú láptọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná tó bá wọnú prosẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà nígbẹ̀yìn. Ìṣirò tí ẹ̀rọ ṣe kò fi agbára kankan pamọ́ sínú ara rẹ̀. Àwòrán tó tò kò gbé iná lọ. Láàárín ọdún 1840 sí 1850 ni James Prescott Joule, ọmọ ìdílé apọntí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àwọn ìwádìí tó fi hàn pé bí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà kọjá, iye ooru tó ń mú wá ní òṣùwọ̀n tí kì í yẹ̀. Orúkọ rẹ̀ náà ni a fi ń pe òṣùwọ̀n agbára títí dòní.

Ẹ rántí gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ 60 wáàtì, irú èyí tí ó ń jó ọmọdé lọ́wọ́. Àwọn tó ń sin adìẹ máa ń so ó kọ́ sókè orí òròmọdìẹ kí otútù má bàa pa wọ́n. Láptọ́ọ̀pù tó bá ń lo 60 wáàtì lẹ́nu iṣẹ́ ńlá, iye ooru tó ń tú sínú yàrá kò yàtọ̀ sí ti gílóòbù yẹn. Èyí tí wọ́n ṣe fún géèmù lè jẹ ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ooru yìí ń jáde láti ojú ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Wàhálà yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìṣirò ENIAC han aráyé ní Philadelphia lọ́dún 1946, ó ní nǹkan bí 18,000 túùbù onígíláàsì (vacuum tube) nínú, ó sì ń jẹ iná tó tó 150,000 wáàtì. Bí ẹni tan 2,500 gílóòbù wa yẹn sínú yàrá kan ṣoṣo ni. Wọ́n ní láti ṣe fáànù ńláńlá sí i kó má bàa yan ara rẹ̀ jẹ. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ti kéré títí ó fi wọ àpò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ooru kò kúrò nílẹ̀.

Ìrìn àjò láti ọpọlọ dé ẹnu ihò

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ooru láti ibi tí wọ́n ti bí i.

Láti ojú prosẹ́sọ̀, ó ní láti kọjá sára bàbà tó lẹ̀ mọ́ ọn. Lójú wa, ojú méjèèjì dán, wọ́n sì kan ara wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀rọ awò ńlá wò wọ́n, kòtò àti gegele ló kún ibẹ̀, atẹ́gùn ló sì wà nínú àwọn kòtò náà. Atẹ́gùn tó dúró sójú kan kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Ìdí nìyẹn tí aṣọ òtútù fi ń mú ara móoru. Bàbà ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po 15,000 ju atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi nǹkan bí ìpara sáàárín wọn, èyí tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè ní thermal paste. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó lé atẹ́gùn kúrò nínú àwọn kòtò kéékèèké yẹn lọ. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ó lè gbẹ bí ògì tó dì mọ́ ìdí ìkòkò, ẹnubodè àkọ́kọ́ á sì dí.

Bí ooru bá ti dé ara bàbà, ọ̀pá kan ló máa ń gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá rí ọ̀pá yìí á rò pé bàbà lásán ni. Rárá o. Ihò wà nínú rẹ̀, omi díẹ̀ sì wà nínú ihò náà. Wọ́n ti fa atẹ́gùn kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi náà kò fi ní láti gbóná dé 100 °C kó tó hó. Níbi tó kan prosẹ́sọ̀, omi á hó, á di afẹ́fẹ́ omi bí èyí tó ń tú lẹ́nu ìkòkò àmàlà, á sáré lọ sí ìkángun kejì tó tutù jù. Níbẹ̀ ni yóò ti sọ ẹrù ooru kalẹ̀, tí yóò tún padà di omi. Ohun kan tó dà bí òwú àtùpà, tó lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá náà nínú, ni yóò fà á padà síbi tó ti wá. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ń jẹ iná.

Ọgbọ́n yìí kò jìnnà sí ti àmù tí àwọn ìyá wa ń pọn omi sí. Omi tó ń ti ara àmù jáde tó sì ń gbẹ lọ ló ń mú ooru dání, tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù. Òógùn ara wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára tó ń sọ gíráàmù omi kan di afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí 2,260 joule. Láti mú gíráàmù omi kan náà gbóná sí i pẹ̀lú ìwọ̀n kan péré, kò gbà ju nǹkan bí 4 joule lọ. Ẹrù tí omi ń gbé nígbà tó bá ń di afẹ́fẹ́ wúwo púpọ̀. George Grover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Alamos, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló fi irú ọ̀pá yìí ṣiṣẹ́ lọ́dún 1963, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà láti gbé ooru kiri nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sójú ọ̀run. Lónìí, ó wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù yín.

Ní ìkángun ọ̀pá, àwọn ewé irin pẹlẹbẹ tò bí eyín òòyà. Wọ́n pọ̀ kí atẹ́gùn lè rí ojú púpọ̀ fọwọ́ kàn. Fáànù á wá fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn, ooru á sì bá a jáde lẹ́nu ihò. Ẹ kíyè sí i: fáànù kì í mú nǹkan tutù fúnra rẹ̀, bí abẹ̀bẹ̀ kì í ti í mú ooru yàrá dín kù. Ó wulẹ̀ ń lé atẹ́gùn tó ti gbóná lọ kí èyí tí kò tíì gbóná lè rọ́pò rẹ̀ ni. Bí èyí tó wà ní yàrá bá ti gbóná tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ fáànù ti dàrú.

Ibẹ̀ ni ẹnubodè ìkẹyìn wà, òun ni a sì máa ń gbàgbé jù. Ooru kì í rìn bí kò ṣe láti ibi tó gbóná lọ síbi tó tutù. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ṣe pọ̀ tó ni ìrìn rẹ̀ ṣe ń yá tó. Lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, bí yàrá bá fi ìwọ̀n 10 gbóná sí i, prosẹ́sọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwọ̀n 10 gbóná sí i. Ẹ ronú nípa láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́rin ní London, níbi tí yàrá kì í ti í sábà ju 20 °C lọ, tó wá bá ara rẹ̀ nínú yàrá 34 °C ní Ìbàdàn. Ìwọ̀n 14 ni wọ́n ti gbé lé e lórí kó tó ṣí fáìlì kankan. Kì í ṣe pé ẹni tó tà á parọ́. Ilẹ̀ ló yí padà lábẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Apple pàápàá kọ ọ́ fún àwọn tó ń lo MacBook pé kí wọ́n lò ó níbi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 10 °C sí 35 °C. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán wa ń kan òkè ìlà yẹn.

Níbo ló ti dí?

Prosẹ́sọ̀ máa ń wọn ìgbóná ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá ti súnmọ́ òpin tí wọ́n fún un, tó sábà máa ń wà láàárín 95 °C sí 105 °C, á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ iṣẹ́, bí alágbàṣe tó rí i pé òrùn fẹ́ pa òun. Ìyẹn ni ìfàsẹ́yìn tí a rí lójú fídíò ìgbéyàwó yẹn. Bí dídẹwọ́ kò bá tó, á pa ara rẹ̀ kí ooru tó pa á.

Láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ gbé sọ́fítíwíà tó ń ka ìgbóná sórí rẹ̀. HWMonitor àti Core Temp wà fún Windows. Àṣẹ kan tó ń jẹ́ sensors wà fún Linux. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ńlá máa lọ, kí ẹ wá gbé ọwọ́ sẹ́nu ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ọwọ́ yín á ròyìn ohun tí ojú kò rí.

Bí atẹ́gùn bá ń jáde púpọ̀, tó sì gbóná janjan, ọ̀nà mọ́. Ẹ̀rọ ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un tàbí yàrá tó wà ló le jù. Bí fáànù bá ń pariwo ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn tó ń jáde kò tó nǹkan, eruku ti dí àárín ewé irin. Bí atẹ́gùn bá ń jáde dáadáa ṣùgbọ́n tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí sọ́fítíwíà sì ń sọ pé prosẹ́sọ̀ ti kan 98, ooru kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ fáànù. Ẹ wo ìpara ẹnubodè àkọ́kọ́. Ó ṣeé ṣe kó ti gbẹ.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, eruku ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ọyẹ́ ń gbé e wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́, kò sì sí fèrèsé tó lè dá a dúró. Bí ó bá bá irun orí àti òwú aṣọ pàdé nínú fáànù, á hun ara rẹ̀ bí ẹní sójú ewé irin. Nínú ni ẹní náà wà. Ẹni tó ń nu ìta láptọ́ọ̀pù lójoojúmọ́ lè má fojú kàn án láé. Lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti lọ, ó dára kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣí i, kó fẹ́ eruku náà jáde. Kí wọ́n kọ́kọ́ pa á pátápátá, kí wọ́n yọ ṣájà, kí wọ́n tú bátìrì kúrò lára rẹ̀. Kí wọ́n fi igi ìfọyín di fáànù náà mú kí atẹ́gùn má bàa sọ ọ́ di òkòtó, nítorí fáànù tó bá ń yí lódì lè dá iná sínú bọ́ọ̀dù. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu fẹ́ ẹ: itọ́ pẹ̀lú eruku, amọ̀ ni wọ́n ń dà. Bí ó bá sì di pé kí wọ́n pààrọ̀ ìpara, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan ti tó. Èyí tó bá pọ̀ jù á tún di ìdènà.

Dín iná kù nísàlẹ̀ ìkòkò

Ọbẹ̀ tó bá fẹ́ ru, a lè máa fẹ́ ẹ, a sì lè yọ igi kan lábẹ́ rẹ̀. Yíyọ igi ló rọrùn jù. Iye ooru tí prosẹ́sọ̀ ń mú wá kì í gòkè ní ìbámu pẹ̀lú ìyára rẹ̀ nìkan. Bí ó bá fẹ́ yára sí i, ó ní láti gba fóòtì tó pọ̀ sí i, ooru sì máa ń pọ̀ pẹ̀lú fóòtì náà ní ìlọ́po ara rẹ̀. Ẹ ṣírò ó: bí a bá dín ìyára kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí fóòtì náà dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ooru iṣẹ́ á wálẹ̀ láti 100 sí nǹkan bí 73. Ìdá mẹ́wàá iṣẹ́ ni a fi tọrẹ, a sì gba ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ooru lọ padà. Ìyára tó kẹ́yìn ló wọ́n jù.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń lo Windows, ibì kan wà nínú Power Options tó ń jẹ́ Maximum processor state. Bí ẹ bá gbé e láti 100 sí 99, prosẹ́sọ̀ kò ní sáré àsápajúdé mọ́, á máa lọ ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Lórí MacBook tó bágbà mu, Low Power Mode ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́. Fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì, sísáré dára. Fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta, ẹni tó ń rìn déédéé lè dé ṣáájú ẹni tó sáré, tó mí hẹlẹ, tó tún ṣubú.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú ẹnubodè ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń fa atẹ́gùn láti abẹ́. Tábìlì líle ni ibi tó yẹ ẹ́. Tìmùtìmù ń dì í nímú ni. Ẹ fi ìdérí ìgò méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí abẹ́ rẹ̀ lè mí. Ẹ má kọ ẹnu ihò rẹ̀ sí ògiri, kó má bàa tún fa ooru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde. Fáànù yàrá ń ṣèrànwọ́ bí fèrèsé bá ṣí. Nínú yàrá tó ti pa dé, ooru kan náà ni yóò máa rò pọ̀. Bí iṣẹ́ bá lè dúró, ẹ gbé e sí ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ tutù. Ìyàtọ̀ àárín aago méjì ọ̀sán àti aago márùn-ún ìdájí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè ju ìwọ̀n 10 lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ní ti fíríìjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹja. Ẹ ti rí bí ara ìgò omi tútù ṣe ń làágùn bí ó bá ti jáde síta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú láptọ́ọ̀pù yóò ṣe là á, lórí bọ́ọ̀dù tí iná ń gbà. Aṣọ tútù tí wọ́n fi ń wé e kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bátìrì àti itan

Prosẹ́sọ̀ lè fara da 90 °C. Bátìrì kò lè fara dà á. Bátìrì lithium-ion, tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà lọ́dún 1991, tí mẹ́ta nínú àwọn tó pilẹ̀ ìmọ̀ rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, máa ń tètè gbó nínú ooru. Ó tún máa ń tètè gbó bí ó bá kún dẹ́nu nígbà gbogbo. Àwọn tó ń fi ṣájà sídìí rẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́ ń fi méjèèjì jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ yín bá ní ibi tí ẹ ti lè ní kó dúró ní 80 nínú 100, ẹ lò ó. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Inú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè ju 50 °C lọ. Bí ibi ìfọwọ́tọ́ tó wà níwájú kíbọ́ọ̀dù bá wú sókè, tàbí tí ìdí láptọ́ọ̀pù kò dúró déédéé mọ́ lórí tábìlì, bátìrì ló wú. Ẹ pa á, ẹ má fi ṣájà sí i mọ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ara tiwa náà ńkọ́? Àwa kan ń pe láptọ́ọ̀pù ní kọ̀ǹpútà àgbélétan, orúkọ náà sì ń tàn wá jẹ. Àwọn dókítà awọ ara ti rí àmì pupa tàbí dúdú tó rí bí àwọ̀n lórí itan àwọn tó ń gbé e lé ẹsẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́. Irú àmì yẹn ni wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀ lára àwọn tó ń jókòó ti iná ààrò. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2005 láti Stony Brook ní New York wọn àwọn ọkùnrin tó gbé láptọ́ọ̀pù lé itan fún wákàtí kan: ooru àpò kóró wọn fi ohun tó ju ìwọ̀n 2.5 lọ gòkè. Ọlọ́run kò déédéé fi àpò yẹn síta ara. Ibi tútù ni àtọ̀ ń fẹ́. Orí tábìlì ló sàn fún ẹ̀rọ, òun ló sì sàn fún ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Láptọ́ọ̀pù kan náà ni, yàrá kan náà, oṣù kejì kan náà. Aago márùn-ún ìdájí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀rọ wà lórí tábìlì, ìdérí ìgò méjì wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti gbọn eruku ọyẹ́ kúrò nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì ti gbé 100 sí 99. Kò sáré, kò sì dúró. Nígbà tí òrùn fi máa dé orí páànù, fídíò ti parí. Bí ẹni tí ìyá ìyàwó rán bá kan ilẹ̀kùn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fáìlì ti wà nínú fúláàṣì, láptọ́ọ̀pù náà sì ti tutù tipẹ́.